Ẹní Tí Wọn Kò Ṣẹ́ Etí Rẹ̀

Mọ́rẹ́nikẹ́, o ṣeun, ọmọ mi. Wàá rí ẹni tí yóò máa ra nǹkan bọ̀ fún ìwọ náà láti àjò. Ẹ̀yin tó kù, ẹ rọra jẹ ṣokoléètì yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Kí ẹnì kan dìde kó pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ bá mi pa á jàre, ariwo bọ́ọ̀lù yẹn ti wọ̀ mí lágbárí. Mo fẹ́ sọ nǹkan, mi ò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nǹkan tí o mú wá fún mi yìí, tí o ní kí n lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, mo ti wò ó dáadáa. Ilé tó dúró sínú omi, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú, ọkùnrin kan tó dúró nídìí ọkọ̀ tó ń wà á. O ní, "Màmá, ìlú kan ní Ítálì nìyí o, Fẹ́níìsì ni wọ́n ń pè é, orí omi ni gbogbo ìlú náà wà." O wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń fi idán hàn mí. Mo ti rí ìlú yìí rí. Mo ti rí i kí n tó bí ìyá rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè ná. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọwọ́ ta ni? Ta ló ṣe é? Ẹ̀ẹ́n, o ò mọ̀. O ti yí i padà, o ní Ṣáínà ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ọmọ lọ sí Ítálì, ó ra Ṣáínà bọ̀. Mi ò bá ọ wí o, gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Àmọ́ ní èbúté tiwa nígbà náà, wọn ì bá lé ọ padà sínú ọkọ̀ ni.

Ibi tí ẹ jókòó sí yìí, tí ẹ fi gèétì àti mègáàdì sí lẹ́nu, etí ọ̀sà ni tẹ́lẹ̀. Òrè ló hù síbẹ̀, koríko inú omi tó ga dé ọrùn èèyàn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí àwọn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn. Kò sí títì Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń gbé mọ́tò sáré lórí ẹ̀ yìí. Láti èbúté wa nítòsí Ajah, ẹni tó bá ń lọ Èkó á wọ ọkọ̀ ní àárọ̀ kùtù, wọ́n á ta ìgbòkun, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Àjò gidi ni. Ẹ̀pẹ́, àjò ni. Ẹ̀jìnrìn, àjò ni. Ẹni tó bá sì ti rìnrìn-àjò, kò gbọdọ̀ padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Nǹkan ibi tó lọ gan-an ló sì gbọ́dọ̀ rà bọ̀. Bó bá ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, ẹja yíyan. Bó bá ti Ẹ̀jìnrìn bọ̀, ìkòkò tàbí àwo amọ̀. Gbogbo agbo ilé á jáde wá kí i káàbọ̀, wọ́n á gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á máa yí i wò. Kì í ṣe iye tó rà á ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í. "Ọwọ́ ta ni?" ni wọ́n máa ń bi í. Àfi kó mọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Á ní, "Ọwọ́ Ìyá Ràfíù ni, obìnrin pupa kan tó máa ń jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ara ọmọ rẹ̀ ò yá." Àwọn tó wà nílé á sì ṣe àdúrà fún ọmọ ẹni tí wọn ò rí rí. Bó bá gbé ìkòkò wálé tí kò mọ ọwọ́ ta ni, wọ́n á bi í pé, "Ṣé o jí i ni?"

Ohun tí èrò ọkọ̀ tìtorí ẹ̀ ń yà ní èbúté tiwa ni ẹní. Ìyá tó bí bàbá mi ló mọ̀ ọ́n hun jù. Ìyá Ẹlẹ́ní ni gbogbo èbúté ń pè wọ́n. Èmi ń pè wọ́n ní Ìyá, torí ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí. Inú omi tó mu wá dé ìbàdí la ti ń gé òrè, tí eṣúṣú á máa lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. A ó sá a títí á fi gbẹ, a ó fi igi lù ú kó lè fẹ̀, a ó rẹ díẹ̀ sínú aró, a ó rẹ díẹ̀ sínú osùn. Kùtùkùtù la máa ń hun ún, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, ó máa gan, á sì máa ṣẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Bí ẹ bá jí lárọ̀ ní agbo ilé wa, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró igi lára òrè, kò, kò, kò, láti ojúlé dé ojúlé.

Ìyá kì í yin èèyàn. Bí mo bá hun ẹní tó wọ́, wọ́n á fi ọwọ́ gbọ́n ọn nù, wọ́n á ní, "Ta lo fẹ́ kó sùn lórí eléyìí, ejò?" Àmọ́ bí mo bá ṣe é dáadáa, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn bu ẹja kún ọbẹ̀ mi. Báyìí ni mo ṣe ń mọ̀.

Gbogbo ahunẹní ló ní àmì tirẹ̀ ní igun kan. Ti Ìyá jẹ́ fọ́nrán aró mẹ́ta, tí fọ́nrán osùn kan dábùú wọn. Ẹni tó bá rí i ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Èkó á sọ pé, "Ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́ní nìyí."

Ẹní kan wà tí kì í ṣe títà. Obìnrin ahunẹní tí irun rẹ̀ bá ti ń funfun, á hun ọ̀kan fún ara rẹ̀. Kò ní jókòó lé e, kò ní sùn lé e. Ọjọ́ tó bá kú, orí rẹ̀ ni wọ́n á tẹ́ ẹ sí, òun náà ni wọ́n á fi gbé e dé ẹnu ibojì. Ṣùgbọ́n kì í ṣẹ́ etí rẹ̀ tán o. Etí mẹ́ta lá ṣẹ́. Ìkẹrin, á fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, gbogbo fọ́nrán á máa rọ̀ wálẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ṣẹ́ ìyẹn lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àkọ́bí obìnrin á ṣí igun tí àmì wà, àwọn ìyàwó ilé á bi í pé, "Ọwọ́ ta ni?" Á dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á máa hun, wọ́n á máa sunkún, wọ́n á máa sọ ohun tó ṣe fún wọn. Bó bá wá jẹ́ pé àmì ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, ìtìjú ńlá ni, ó túmọ̀ sí pé ẹní àyálò ni ìyá yín bá lọ bí ẹni tí kò ní ọmọ.

Ìyá ti hun tiwọn tipẹ́. Orí àjà ló máa ń wà. Èmi ni mò ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀, tí mò ń sá a sóòrùn kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Ogun ti parí nígbà tí mò ń sọ yìí, náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn òyìnbó tó ń ṣe afárá àti títì kún Èkó fọ́fọ́. Bó bá di Sọ́ńdè, wọ́n á wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá sí èbúté wa, wọ́n á gba àárín igi àgbọn kọjá sí etí òkun lọ lúwẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ń padà, wọ́n á dúró rajà. Òyìnbó mà fẹ́ràn àtira nǹkan o! Wọ́n ń ra ẹní, wọ́n ń ra agbọ̀n, wọ́n ń ra àkẹtẹ̀. Ọ̀kan ra àjẹ̀ ògbólógbòó kan tó ti là lọ́wọ́ apẹja, a fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan gbáko. Kí ló fẹ́ fi wà nílé ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì? Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi wá rí pé ọwọ́ ta ni. Lásísì ló máa ń wa ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, ọmọkùnrin Ọbalẹ́ndé, ẹgbẹ́ mi, òun ló sì ń bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀.

Sọ́ńdè kan, Ìyá lọ síbi ìkómọ ní Bàdóòrè, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Òjò ti rọ̀ ní Jímọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi sá ẹní Ìyá lọ́jọ́ náà, mo fi kọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Òyìnbóbìnrin kan ń bọ̀ láti etí òkun, ọ̀dọ́ ni, ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣe afárá. Ó kọjá gbogbo èyí tí mo tẹ́ kalẹ̀ fún títà, ó lọ tààrà síbi okùn. Ó ń fi ọwọ́ ra fọ́nrán etí tó wà ní ṣíṣí yẹn, inú ẹ̀ ń dùn. Ó rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Lásísì ní, "Ó ní èyí lòun fẹ́."

Mo ní, "Sọ fún un pé kì í ṣe títà."

Ó mú owó jáde, mo mirí. Ó tún mú sí i, mo mirí. Ló bá tú ìborùn sílíkì ọrùn rẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ síwájú mi. Aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, wọ́n ya ilé sí i lára, ilé tó dúró sínú omi, pẹ̀lú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú. Lásísì ní, "Ó ní ìlú òun nìyẹn ní Ítálì. Ó ní orí omi ni wọ́n ń gbé, bíi tiyín."

Mo ní, "Bíi Mákòkó?" Lásísì rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́ẹ̀ ṣubú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ojú mi wọ ìborùn yẹn. Èmi tí mò ń ta nǹkan fún arìnrìn-àjò lójoojúmọ́, mi ò rìn kọjá Ẹ̀pẹ́ rí. Kò sí ẹni tó ra nǹkan ọ̀nà jíjìn bọ̀ fún mi rí láyé mi. Nígbà tó kan ọwọ́ mi, ó tutù, ó ń yọ̀. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé Ìyá ṣì le, wọ́n á hun òmíràn. Mo tú ẹní náà lórí okùn, mo ká a, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Kò bi mí pé ọwọ́ ta ni. Èmi náà ò sì sọ fún un.

Ọkọ̀ wọn ò tíì jìnnà sí èbúté tí mo ti kábàámọ̀. Kí Ìyá tó dé nírọ̀lẹ́, mo mú ọ̀kan nínú ẹní tí èmi fúnra mi hun, èyí tí kò tíì ní àmì kankan, mo tú etí rẹ̀ kan, mo ká a, mo gbé e sórí àjà. Ojú Ìyá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ohun tí mo gbójú lé nìyẹn, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Mo ń retí obìnrin yẹn. Mo ní bó bá padà wá, màá kúnlẹ̀, màá dá ìborùn rẹ̀ padà fún un kí n lè gba ẹní Ìyá. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, kò wá. Mo rí Lásísì, mo fẹ́ sọ fún un, ojú tì mí. Sọ́ńdè kejì, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó la ẹnu. Ó ní, "Ẹní òkú Ìyá Ẹlẹ́ní lo gbé fún òyìnbó? O sì jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín!"

Ọjọ́ kejì ló gbé mi sínú ọkọ̀, ó di Ìkòyí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé òyìnbó náà ní wọ́n ti lọ. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti kó ẹrù wọn padà sílùú wọn, wọn ò sì ní wá mọ́. Mo bi í nípa ẹní kan. Ó ní, "Èyí tí etí rẹ̀ rí wúruwùru yẹn? Èmi ni mo bá wọn dì í. Ìyàwó ọ̀gá ní ara ògiri lòun máa fi kọ́." Ọjọ́ mẹ́rin péré! Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè kejì ni, ǹ bá bá a níbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ dé èbúté, Lásísì ní, "Sọ fún Ìyá Ẹlẹ́ní." Mi ò sọ.

Gbogbo Jímọ̀ ni Ìyá ń bi mí, "Ṣé o ti sá ẹní mi?" Màá ní, "Mo ti sá a, Ìyá." Títí di ọjọ́ kan tí wọ́n ní, "Gbé e wá kí n fọwọ́ kàn án." Mo tẹ́ ẹ síwájú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan etí tí mo tú. Wọ́n wá fi ọwọ́ dé igun tó yẹ kí àmì wọn wà. Ọwọ́ wọn dúró síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti gbẹ dáadáa. Ká a." Ó tán. Mo gbé e padà sórí àjà, mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé orí kó mi yọ. Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi níṣẹ́ tó jìnnà láàárọ̀. "Lọ bá mi ra ẹ̀kọ ní ọjà Ajah." "Lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ní Bàdóòrè, má kánjú bọ̀." Mi ò fura rárá.

Ọdún kejì, nígbà ọyẹ́, Ìyá kú lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ni. Ilé kún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Bàdóòrè, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, yíjú sí mi, wọ́n ní, "Gbé ẹní ìyá mi wá." Ó ń ṣe mí bíi kí n bẹ́ sínú ọ̀sà. Ìyá tó tọ́ mi dàgbà fẹ́ lọ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan, lójú gbogbo èbúté, èmi ni mo fà á. Mo gbé e wá. Wọ́n gbà á, wọ́n wá igun rẹ̀. Mo di ojú mi.

Mo gbọ́ tí àwọn ìyàwó ilé bèèrè, "Ọwọ́ ta ni?"

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáhùn, "Ọwọ́ ìyá mi ni."

Mo la ojú mi. Fọ́nrán aró mẹ́ta, fọ́nrán osùn kan tó dábùú wọn. Ó wọ́. Ọ̀kan yẹ̀ sápá kan, ọ̀kan fò kọjá ibi tó yẹ kó wọlé, bí ọwọ́ ẹni tí kò ríran mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Ẹ wò ó, ojú ti ń dùn wọ́n nígbà tí wọ́n hun ún." Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹní tèmi ni, ẹní jákujàku tí wọn ì bá ní kí n tẹ́ fún ejò. Ìyá ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí ọwọ́ wọn ti dúró ní igun yẹn ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n rán mi lọ ra ẹ̀kọ, wọ́n jókòó nínú òkùnkùn ojú wọn, wọ́n fi àmì ara wọn sí i kí ojú má baà tì mí. Wọn ò sì bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan títí wọ́n fi kú. Mo ké lọ́jọ́ náà! Àwọn èèyàn ní mo mà fẹ́ràn ìyá mi àgbà o. Lásísì wà láàárín èrò, ó wò mí, ó gbé ojú kúrò. Ọkọ mi kú, kò gbọ́ ọ rí. Yàtọ̀ sí Lásísì, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n la títì Ẹ̀pẹ́. A jó, a ní mọ́tò ti dé. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ò yà sí èbúté wa mọ́, torí mọ́tò kì í dúró nídìí ẹní. Àwọn obìnrin ń ra kápẹ́ẹ̀tì. Tirélà wá ń da iyanrìn sínú ọ̀sà, tọ̀sán-tòru, wọ́n dà á lé gbogbo òrè lórí. Èmi náà ta ilẹ̀ tèmi, mi ò ní sọ pé mi ò tà. Ìró igi lára òrè yẹn, mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé ó dáwọ́ dúró tí n kò sì mọ̀ pé ó ti dáwọ́ dúró.

Ẹ gbé ìborùn yẹn fún mi, ó wà nísàlẹ̀ àpótí. Mi ò wé e rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mọ́rẹ́nikẹ́, gbé nǹkan ara fíríìjì rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé o rí i, ìlú kan náà ni? Ní ibì kan níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹní kan wà lára ògiri, tí etí rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí títí di òní. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti jù ú nù. Mi ò rán ọ láti wá a. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ ẹni tó hun ún, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Àbẹ̀ní ni. Ọwọ́ Àbẹ̀ní ni.

Ó tó, má sunkún. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o bá mi fa nǹkan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn jáde. Ẹ ti ń bi ara yín pé kí ni Màmá ń fi okùn ọ̀rá ṣe, èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tú kúrò lára páálí táìlì ilẹ̀. Mo gbọ́ yín, ẹ ní Màmá ti ń kó pàǹtí jọ. Òrè ò sí mọ́, èmi náà sì ti hu ewú. Kí ni kí n fi hun ún? Ẹ wo igun rẹ̀. Fọ́nrán mẹ́ta àti ọ̀kan tó dábùú wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó wọ́ ni, bí Ìyá ṣe ṣe é.

Mo ti ṣẹ́ etí mẹ́ta. Jókòó sílẹ̀ níbí, Mọ́rẹ́nikẹ́, má jókòó sórí àga. Fún mi lọ́wọ́ rẹ. Èyí máa gba òkè, èyí máa gba ìsàlẹ̀, o ó wá ṣẹ́ ẹ sínú. Tú u. Kì í ṣe òní la máa ṣẹ́ ẹ, mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ lọ́jọ́ náà pé ọwọ́ ta ni, jọ̀wọ́, má yí i padà láti wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.